Òdo Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀

Olùkọ́ ni mí. Mi ò mọ àsọdùn ṣe. Ìṣojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní erékùṣù Svalbard, nítòsí òpin àríwá ayé, lóṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Lókè fíofío, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú kò lè dé, ẹ̀fúùfù ń fẹ́. Òkúta kéékèèké máa ń já láti ojú ọ̀run, wọ́n á jóná, wọ́n á fi ipa sílẹ̀ bí èéfín. Ẹ̀fúùfù á gbá ipa náà lọ. Ẹ̀rọ wa lórí òkè á máa wò ó, tọ̀sán-tòru, á sọ bó ṣe yára tó. Èmi á wá fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ẹ̀fúùfù náà.

Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin kan sínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ó ti tó ogún ọdún: bí ẹ̀rọ bá mú òdo wá, jù ú nù. Ẹ̀fúùfù kì í dúró lókè yẹn. Òdo túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ṣì í.

Bàbá Oddvar ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó fẹ̀yìn tì. Ó dúró lẹ́yìn mi, kọfí lọ́wọ́.

"Tíṣà, ihò wà nínú àwòrán ẹ."

"Ẹ̀rọ yín ló sùn, Bàbá."

"Ẹ̀rọ mi kì í sùn. Ìwọ ni kó o lọ sùn. Wo ojú ẹ bó ṣe pọ́n."

Òótọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ń da àwọn òdo sí, mo wo ti ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan.

Ọ̀kan lójúmọ́. Òkè wa gan-an ni gbogbo wọn wà lókè rẹ̀. Kìlómítà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Lónìí, àádọ́rin. Nísàlẹ̀ àádọ́rin, ẹ̀rọ kì í ríran mọ́.

Ẹ bá mi ṣírò. Méje lójúmọ́. Méje lọ́nà mẹ́wàá ni àádọ́rin. Lọ́jọ́ kẹwàá, á kanlẹ̀.

Bàbá Oddvar ti ṣírò ó kí n tó lanu. Ọjọ́ kẹwàá yẹn ló fẹ́ gun òkè lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má lọ."

"Kí n wá sọ fún ọ̀gá pé òdo ń bọ̀ wá gbé mi?" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n takú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ló ṣì í lóòótọ́.

Ọjọ́ náà pé. Ó gbé ìbọn rẹ̀ nítorí béárì, ó yí orúkọ rẹ̀ lára pátákó sí "Ó jáde". Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, àsíá ẹnu ọ̀nà wa rọ̀. Mi ò rí i kó rọ̀ rí. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Rédíò ọwọ́ mi dún.

"Tíṣà."

"Mo ń gbọ́ yín."

"Èéfín páìpù tábà mi dúró."

"Ó dúró báwo?"

"Bí ọ̀pá."

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Rédíò kò tilẹ̀ hó.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀fúùfù ti tún ń fẹ́, mo sì rí Bàbá Oddvar tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Bó ṣe dé abẹ́ àsíá, àsíá rọ̀. Ó kọjá tán, àsíá gbéra. Ó wọlé, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ó bu kọfí.

Ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn wọlé. Ooru kọfí mi fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tirẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó rí i. Ó rí i pé mo rí i.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ó kàn dákẹ́ ni. Má kọ ọ́ sílẹ̀ o."

Ó ti padà sílé, ní erékùṣù Senja. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Borghild ìyàwó rẹ̀ pè mí. "Tíṣà, tó bá ti jókòó sẹ́yìnkùlé, aṣọ kì í mì lórí okùn. Ìgbà wo ló máa fi í sílẹ̀?"

Ogún ọdún ni mo fi ń ṣàlàyé ẹ̀fúùfù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kó máa sá aṣọ síwájú ilé.

Òfin mi ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ìka lé e láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa á rẹ́, gbogbo òdo tí mo ti jù nù láti ogún ọdún á jáde padà, màá sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn forí lé. Àwọn èèyàn ń gbé nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Mo tún gbé ìka mi kúrò.