Télọ̀ Tí Ó Fi Ara Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Wọn Ara Rẹ̀

Télọ̀ kan wà tí kì í gé aṣọ ẹni tí kò bá wọ̀n fúnra rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní, "Fi ti àbúrò mi gé e," á rẹ́rìn-ín: "Ìyá kan ló bí yín, èjìká kan kọ́ ló fún yín."

Ohun tí kò jẹ́ ṣe sí aṣọ ni ó ṣe sí ẹ̀mí ara rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ń bẹ lára òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n ti ń bá a yí, ó ṣì ń rìn kánmọ́kánmọ́. Nítorí náà, télọ̀ ju oògùn sílẹ̀, ó di ìgò ọtí mú.

Dókítà ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, ó sì kìlọ̀: "Ohun kan wà tí ẹ jogún, tí ẹ̀gbọ́n yín kò jogún. Bí àtọ̀gbẹ bá bá ohun náà lára ènìyàn, ọkàn ni ó máa ń fẹ́ bà jẹ́. Ẹ má fi ara ẹ̀gbọ́n yín ṣe òdiwọ̀n tiyín."

Kò gbọ́.

Alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra náà bá a sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá Télọ̀, ẹ wá Jésù o."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń gbàdúrà fún gbogbo ilé wa. Ìwọ mójú tó áyọ́ọ̀nù ẹ, kó má jó ṣòkòtò olóṣòkòtò!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òógùn bò ó nídìí ẹ̀rọ, àyà fún un pinpin, ó sì ṣubú. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní apá kan ọkàn rẹ̀ ti kú.

Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí!"

"Àbúrò mi, ara mi kò lè rọ́pò tìrẹ. Àdúrà mi kò sì lè ronú pìwà dà fún ọ."

Ẹ̀rù ńlá bà á. Ó yíjú sí alágbàfọ̀, tí ó bá wọn gbé e wá. "Ṣé kò tíì pẹ́ jù fún mi?"

"Olè orí àgbélébùú ń kú lọ nígbà tí ó ké pe Jésù. Ẹ jẹ́wọ́."

Ó jẹ́wọ́ ọtí, ó jẹ́wọ́ ìyàwó tí ó ń lù, ó sì sunkún: "Jésù, n kò ní ẹlòmíràn. Ṣàánú mi." Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ kí ó pe orúkọ yẹn rí láì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó sùn nínú Olúwa.

Ìwọ òǹkàwé, ìyá rẹ lè jẹ́ ajíhìnrere, ọkọ rẹ lè jẹ́ díákónì. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwọ jogún ń bẹ lára rẹ síbẹ̀, ikú sì ni èrè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ni ó lè wẹ̀ ọ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fún ọkùnrin yìí. A kò ṣèlérí ọ̀la fún ọ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sì ké pè É.