Kí Ló Dà Sí I?

Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, kò sì lè tẹ̀ láti wọ bàtà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀, ó bá a wọ̀ ọ́. Àwọn aládùúgbò ti ń pe ọmọ náà ní Ìyá Kékeré, nítorí òun ló ń dáná, òun ló ń gbálẹ̀, òun náà ló ń fi aṣọ gbígbóná jó ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi yẹ́ ẹ sí ni, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn nínú mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Bá mi mú oògùn ara ríro yẹn wá," ni Màmá wí. "Méjì ni kí o mú."

"Màmá, ṣebí ọ̀dọ̀ dókítà náà la ń lọ yìí? Ẹ jẹ́ kó bá ìrora yẹn níbẹ̀."

"Kí n wá máa ké bí ọmọ ọwọ́ níwájú ẹni ẹlẹ́ni? Mú un wá, jàre. Mi ò fẹ́ kó rò pé mo ti bàjẹ́ tán."

Ìyá Kékeré mú un wá. Màmá jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí àlejò bá ilé òun ní rúdurùdu, bó sì ṣe fẹ́ ṣe ara rẹ̀ náà nìyẹn.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ lílọ̀ ni tirẹ̀, àtàárọ̀ dalẹ́ ló sì máa ń fi wà lórí ìdúró. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í fò rárá bí oníbàárà bá gbé aṣọ tó ní àbàwọ́n dé: "Kí ló dà sí i?" Ohun tí wọ́n fi ń fọ epo kọ́ ni wọ́n fi ń fọ tàdáwà. Bí oníbàárà bá tijú, tó ní kò sí nǹkan kan, iná áyọ́ọ̀nù á sè é mọ́ aṣọ pátápátá. Bí Màmá bá délé lálẹ́, a máa sín irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ jẹ: "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà, ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni." Ìyá Kékeré a rẹ́rìn-ín títí.

Ibi iṣẹ́ yìí náà ni ẹ̀yìn ti mú un. Ó gbé agbọ̀n aṣọ tútù, ilẹ̀ olómi yọ̀ ọ́, ó sì fi ìdí lulẹ̀ gbì. Ó yára dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó rí i. Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má ní kó lọ jókòó sílé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn ti ń ro ó, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì máa ń kú. Nígbà míì, sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á sì máa rìn lọ láìmọ̀. Ìyá Kékeré nìkan ló mọ̀, torí òun ló ń bá a ṣà á lẹ́yìn.

Ẹni tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ ló júwe dókítà eegun fún un, irú àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán tẹ oríkèé ẹ̀yìn padà sí àyè rẹ̀. "Ó tẹ̀ mí, ó ró kọ̀, mo dìde, mo bá tèmi lọ," ni obìnrin náà wí. Àpọ̀jù iṣẹ́ ló mú ẹ̀yìn tirẹ̀, kò ṣubú rí. Màmá kò ro ìyẹn mọ́ ọn.

Lójú ọ̀nà, Màmá rọra ń wọ́ ẹsẹ̀. "Bí wọ́n bá bi wá, iṣẹ́ ló fà á. Má dárúkọ pé mo ṣubú o. Wọ́n á ní ká kọ́kọ́ lọ ya àwòrán eegun, wọ́n á ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ló ká Ìyá Kékeré lára. Ìdánwò àṣejáde ti dé tán, bó bá sì ti ṣí ìwé báyìí, yálà kí oorun gbé e lọ tàbí kí Màmá pè é. Kó ṣáà rí i kí Màmá nàró lónìí, ìyẹn ló ń wá. Ó ní òun ti gbọ́.

Yàrá dókítà eegun kéré, ó sì mọ́. Bẹ́ẹ̀dì tóóró kan wà níbẹ̀ tó ní ihò tí wọ́n ń ki ojú bọ̀, wọ́n tẹ́ bébà lé e. Obìnrin ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Kò tètè fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

"Ẹ má bínú, mà, ìbéèrè mi máa ń pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló ṣeé tẹ̀. Ṣé ẹ ṣubú láìpẹ́ yìí?"

"Rárá o. Iṣẹ́ ni."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó máa ń kú, tàbí kó máa ta yín bí abẹ́rẹ́?"

"Ẹsẹ̀ mi le koko."

"Ṣé ìtọ̀ máa ń bọ́ lára yín láìmọ̀? Ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé eegun yín kò lágbára mọ́?"

"Rárá, kò sí."

"Ẹ lo oògùn kankan lónìí?"

"Omi lásán ni mo mu."

Dókítà yíjú sí ọmọ. "Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ṣé nǹkan kan wà tí wọ́n gbàgbé?"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Màmá, ó wo àpò ìwé tó gbé sórí itan, oorun sì ń kùn ún lójú ní ọ̀sán gangan. "Kò sí nǹkan kan, mà," ló wí.

Dókítà tẹ ẹ̀yìn Màmá díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í bóyá ibẹ̀ dùn ún. Oògùn méjì yẹn ti pa ara kú, Màmá ní kò dùn òun. Dókítà fi òòlù kékeré kan kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ti òsì yìí lọ́ra."

"Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà lọ́ra, dókítà," ni Màmá dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

"Ó lè ró kọ̀, ẹ má jáyà. Bó bá dùn yín, tàbí tí ẹ ò bá fẹ́ mọ́, ẹ ní kí n dúró, màá dúró."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ró kọ̀. Ìyá Kékeré rí ọwọ́ Màmá tó di etí bẹ́ẹ̀dì mú títí bébà fi ya. Màmá kò ní kó dúró, òun náà kò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá kò lè gbé ẹsẹ̀ òsì. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ibẹ̀ fi àwòrán eegun hàn wọ́n: ọ̀kan nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán láti ọjọ́ tó ti ṣubú, títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló sì jẹ́ kó fún iṣan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí Màmá má ṣe dìde. Ó ní ẹsẹ̀ náà lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà.

Ìyá Kékeré tó ń wá ìsinmi ọjọ́ kan wá di ẹni tó ń sùn lórí àga ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, ó ka ìbéèrè kìíní, ó gbé orí lé apá kó lè ronú. Olùkọ́ tó ń gba ìwé ló jí i. Ó mọ̀ pé òun yóò tún ìdánwò yẹn ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwọn ará ilé ìfọṣọ wá kí Màmá. "Obìnrin burúkú yẹn ló ṣẹ́ ọ lẹ́yìn," ni èyí tó júwe ọ̀nà fún wọn wí. "Gbogbo ìlú ló máa gbọ́." Màmá kọjú sí ògiri. Ìyá Kékeré fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé e mì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn, nígbà tó sì parí ìdánwò kejì, kò lọ sílé, ọ̀dọ̀ dókítà eegun ló gbà lọ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: ìṣubú, sálúbàtà, oògùn méjì.

Dókítà jókòó. "Mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí, mà."

"Ká ní mo mọ̀ pé wọ́n ṣubú ni, mi ò bá má fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi ya àwòrán." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà rí ẹsẹ̀ tó lọ́ra yẹn. Ó yẹ kí n dá iṣẹ́ dúró, mo wá ń bá wọn ṣàwàdà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní gbé e lé ọ lórí. Àmọ́ tìrẹ náà, tìrẹ ni."

Ìyá Kékeré ní òun mọ̀.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Màmá, àwọn ará ilé ìfọṣọ tún ti dé. Dókítà ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Màmá yára wí. Abẹ́rẹ́ kò tíì kan ìka náà.

Ìyá Kékeré gbé àpò ìwé sílẹ̀, ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá," ló rọra wí, "kí ló dà sí i?"

Màmá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún lẹ́yìn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n lára, dókítà," ló wí. "Mi ò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ láti àná." Ó yíjú sí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ. "Ẹ má ba orúkọ obìnrin yẹn jẹ́ mọ́. Ó bi mí léèrè, mo purọ́ fún un, mo sì kọ́ ọmọ mi náà láti purọ́."

Dókítà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó fa àga, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá sọ ọ́ tán pátá, títí kan sálúbàtà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fọwọ́ kan eegun yín, tàbí tí ẹ bá sin òbí yín lọ, ẹ má ṣe fi oògùn bo ìrora náà mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi ìṣubú pamọ́. Bí ó bá dùn yín, ẹ ní kó dúró. Ìdáhùn yín sí ohun tí wọ́n bá bi yín ni wọ́n máa fi mọ ibi tí ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ dé. Ìyá Kékeré ti mọ ìyẹn báyìí. Ó jókòó sórí àga, ó ṣí ìwé ìdánwò ọ̀la, kò sì tíì ka ojú ewé kan tán tí oorun fi gbé e lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá kò pè é.