Ohùn Tí Màmá Jámánì Kò Yọ̀ǹda

Ṣìkẹ́mi ń fọ abọ́ ní ìdáná nígbà tí fóònù ìyá rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Kíkẹ́ Ọlátẹ́jú, ń ya irun lọ́wọ́, nítorí náà ó tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde síta. Ọ̀gbẹ́ni Ernest ni, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sí ilé àwọn arúgbó.

"Kíkẹ́, ẹnì kan ti gba ohùn Miss Gerlinde sílẹ̀ níbi tó ti ń kọrin," ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò tilẹ̀ kí i. "Ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn ló ti gbọ́ ọ. Èdè yín ni wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi sínú omi ọṣẹ.

"Ta ló ṣe é?" ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Àsmá'ù, olùtọ́jú tuntun yẹn, la fura sí. Ẹ jẹ́ ká pàdé nílé Miss Gerlinde lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí kò bá lè fi hàn pé òun kọ́, ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọkùnrin náà pa fóònù. Ṣìkẹ́mi ń fọ abọ́ kan náà lọ láìdúró, bẹ́ẹ̀ abọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. Òun ló ṣe é, kì í ṣe Àsmá'ù.

Ní Marietta, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni Miss Gerlinde Vosskamp ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, ìyá Ṣìkẹ́mi àti Àsmá'ù sì máa ń pè é ní Màmá Jámánì bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láàrin ara wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, olórin ńlá ni. Kì í ṣe orin ijó ló ń kọ o. Ewì àwọn akéwì ilẹ̀ Jámánì ni, èyí tí wọ́n ti fi dùùrù gbè. Ẹnì kan á jókòó sídìí dùùrù, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí makirofóònù, kò sí elégbè. Bó bá kọ ọ́ tán, gbogbo gbọ̀ngán á kọ́kọ́ dákẹ́ ná kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwo orin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣe kó tó fẹ́ ará Amẹ́ríkà tó mú un wá sí Atlanta. Ọkọ náà ti kú, ó ku Bridget, ọmọ tí ọkọ náà ti bí tẹ́lẹ̀, tó máa ń wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó sọ fún Ṣìkẹ́mi nígbà kan pé òun kọ orin kan ní ìgbà mọ́kàndínlógún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí èémí kékeré kan tí kò bọ́ síbi tó yẹ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó gbọ́ pé ó ti ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú òun. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan gba ohùn òun mọ́.

"Èyí tó wà nínú àwo, ti ayé ni," ó máa ń wí. "Èyí tó kù, tèmi ni."

Etí Ṣìkẹ́mi méjèèjì ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Lóòótọ́, kò tilẹ̀ yẹ kó wà nílé náà rárá. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé olùtọ́jú kò gbọdọ̀ mú ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Conyers, ní òdìkejì Atlanta, ni wọ́n ń gbé, Marietta ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, ẹgbẹ́ akọrin tí Ṣìkẹ́mi wà sì máa ń ṣe ìdánrawò ní aago méjì ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé náà. Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń tò lójú ọ̀nà yẹn kò ní ní kí obìnrin kan lọ kó tún padà wá gbé ọmọ. Ìyá Ṣìkẹ́mi kúkú ń gbé ọmọ rẹ̀ dání. Miss Gerlinde kò bá a wí, inú rẹ̀ máa ń dùn sí ọmọ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé Ṣìkẹ́mi lọ fọ́nnu nílé ìwé pé òun mọ olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Hephzibah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín níṣojú àwọn yòókù.

"Girl, abeg," Hephzibah wí. "Video ẹ̀ dà? Tí kò bá sí lórí fóònù, a jẹ́ pé kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rín yẹn dun Ṣìkẹ́mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Miss Gerlinde jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún ara rẹ̀. Ohùn náà ti gbó, ó ń gbọ̀n, ó ń já níbi tó ga. Ṣìkẹ́mi ti fóònù sábẹ́ ìwé rẹ̀, ó gbà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbé e síta láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó wá kọ "Grandma mi ń kọrin" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ṣáà ni, arúgbó wo ni kì í ṣe grandma rẹ̀?

Ọjọ́ kẹta ni ẹnì kan ní ilẹ̀ Jámánì dá ohùn náà mọ̀, ó sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan ní ewúrẹ́ ló ń ké. Ìbẹ̀rù mú Ṣìkẹ́mi, ó sáré pa á rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti gbé e lọ sí ojú ewé tiwọn. Ẹyin lohùn náà, ó ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Kí ló wá kan Àsmá'ù? Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò lẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń bá Miss Gerlinde wẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, ó máa ń sọ̀rọ̀ gígùn sínú fóònù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, Bridget sì ti bá a lẹ́ẹ̀mejì tó gbé fóònù sẹ́nu nínú pálọ̀. Ohun tí Bridget rí nìyẹn, ó sì tó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ernest pè, Ṣìkẹ́mi lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

Ìyá rẹ̀ ń wo fóònù rẹ̀. Ó ti rí "Grandma mi" níbẹ̀. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, Ṣìkẹ́mi sì rí i kedere pé ẹ̀rù ń ba ìyá òun náà.

"Ṣé nǹkan school ni?"

"Rárá, mà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má sọ fún mi." Ó da ojú fóònù dé. "Gbọ́ mi, Ṣìkẹ́mi. Three weeks ló kù tí Daddy ẹ máa lọ fún interview visa ẹ̀. Wọ́n máa béèrè letter pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́, Mr. Ernest ló sì máa kọ ọ́. Tó bá gbọ́ pé mò ń mú ọmọ lọ sílé client, ó ti parí. Nǹkan tí mi ò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó lè bi mí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ìyá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì láràárọ̀ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrin rèé tí òun wà ní Conyers tí ọkọ rẹ̀, Adégbóyèga, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbẹ̀rù máa ń sọ olóòótọ́ di odi.

Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun Ṣìkẹ́mi mọ́. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ rẹ̀, á rò pé wọ́n ti dé. Ó sọ fún Hephzibah nígbà tí kò lè gbé e mọ́, Hephzibah sì mi orí.

"Delete account yẹn, kó o jókòó jẹ́ẹ́," ó wí. "Wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú. E no concern you."

Ní Ọjọ́bọ̀, Àsmá'ù wá sí Conyers, ó pọn ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì. Kò tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀.

"Mummy Ṣìkẹ́mi, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Mo fi Kùránì búra, èmi kọ́. Tí wọ́n bá lé mi lórí ọ̀rọ̀ báyìí, agency wo ló tún máa gbà mí?"

"Dìde, Àsmá'ù. Ọlọ́run á jà fún ọ," ìyá Ṣìkẹ́mi dáhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Àsmá'ù yíjú sí Ṣìkẹ́mi. "Àbúrò mi, ìwọ náà bá mi gbàdúrà. Ọlọ́run máa ń tètè gbọ́ ti ọmọdé."

Ṣìkẹ́mi ṣe àmín. Ó sáré wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, ìyá rẹ̀ gbé ọkọ̀ sí kọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó wà nínú ilé Miss Gerlinde kò ti lè rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé náà hàn láti ibẹ̀. "Má sọ̀kalẹ̀ o," ó wí, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ṣìkẹ́mi jókòó, ó di bẹ́líìtì mọ́ra bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń sáré. Ó ń ro bàbá rẹ̀. Ó ń ro pé bí òun bá kàn dákẹ́ fún wákàtí kan péré, ohun gbogbo á ti kọjá.

Ìgbà náà ló rí Àsmá'ù tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibùdókọ̀. Ó ti lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gún régé. Níwájú ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ó dá nìkan dúró níbẹ̀ pẹ́. Ṣìkẹ́mi wá rí i pé ẹ̀rù tó ń ba òun láti ọjọ́ yìí wá, Àsmá'ù ló ń bà jù, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ó tú bẹ́líìtì. Nígbà tí Àsmá'ù wọlé, òun náà sọ̀kalẹ̀, ó sì kọrí sí ilé náà.

Ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Ernest fẹ́ fi lé Àsmá'ù lẹ́nu iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Ṣìkẹ́mi wọlé. Bridget jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Miss Gerlinde, Àsmá'ù dúró láàrin ilé, ìyá Ṣìkẹ́mi fẹ̀yìn ti ògiri.

"Èmi ni mo gbà á sílẹ̀," Ṣìkẹ́mi sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Aunty Àsmá'ù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni."

"Ta nìyí?" Ọ̀gbẹ́ni Ernest bèèrè.

Ṣìkẹ́mi kò wo ìyá rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ó ṣì lè sẹ́ òun.

"Ọmọ mi ni," ìyá rẹ̀ sọ níkẹyìn. "Èmi ni mo máa ń mú un wá."

Miss Gerlinde ní kí Ṣìkẹ́mi sún mọ́ òun. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó kọjú sí i gan-an.

"Àwo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ṣe," ó wí. "Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó jáde, wọ́n á jẹ́ kí n gbọ́ ọ, wọ́n á bi mí bóyá mo fọwọ́ sí i. Tìrẹ ni ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ẹ má bínú, mà," Ṣìkẹ́mi wí, ó ti kúnlẹ̀ láìmọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

"Mò ń bínú. Ohùn yẹn ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ikú mi, mi ò sì mọ ìgbà tí ìbínú mi máa rọ̀." Ó na ọwọ́ sí Àsmá'ù, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi ló ṣì kọjú sí. "Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé o wọlé. Díẹ̀ ló kù kí n jẹ́ kí wọ́n lé aláìṣẹ̀ kúrò nílé mi."

Ọ̀gbẹ́ni Ernest fa ìwé Àsmá'ù ya. Ó wá yíjú sí ìyá Ṣìkẹ́mi. Ó ní kó lọ sílé fún oṣù mẹ́ta, kò ní wọ ilé Miss Gerlinde mọ́, òun kò sì ní lè kọ lẹ́tà iṣẹ́ kankan fún un lásìkò yìí. Bridget bẹ Àsmá'ù pé kó má bínú. Àsmá'ù bú sẹ́kún.

Wọn kò lọ sí ìdánrawò. Ojú ọ̀nà kún fọ́fọ́ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Conyers.

"O fẹ́ sọ fún mi, èmi ni mo ní kó o má sọ," ìyá rẹ̀ wí, ojú rẹ̀ ń wo iwájú. "Ìyẹn, ẹ̀bi tèmi ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa pe Daddy ẹ."

Ìpè yẹn ló ba Ṣìkẹ́mi lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Obìnrin yẹn, Àsmá'ù," bàbá rẹ̀ bèèrè, "ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo ti ra báàgì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí kí n lè wọ bàálù, ojú wo ni màá fi wò ẹ́ ní airport? Màá dúró."

Ṣìkẹ́mi sunkún lọ́jọ́ náà títí ojú rẹ̀ fi wú, ṣùgbọ́n ó jẹun, oúnjẹ náà sì wọ ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tí olóhun kò bá yọ̀ǹda, ẹ má fi wá ìyìn lójú ẹgbẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ru ẹrù rẹ̀, bó ti wù kí ìbẹ̀rù náà tó. Mi ò ní tàn yín pé ìjẹ́wọ́ kò ní ìyà tirẹ̀: bàbá Ṣìkẹ́mi ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá dé, ọmọ rẹ̀ á lè sáré lọ dì mọ́ ọn láìbojú wẹ̀yìn.