Èpè Tí Oyèdélé Ṣẹ́ Nítorí Kíbọ́ọ̀dù

Ní agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ní ìlú Ìbàdàn, ọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Oyèdélé. Iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù títẹ̀ ni ó ń ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ń tẹ̀ ẹ́ níbi ìnáwó. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn akọrin ìjọ. Gbogbo ènìyàn ni ó ń yìn ín. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú àpótí rẹ̀.

Ọdún 1984 ni ó ra kíbọ́ọ̀dù náà. Ọdún márùn-ún ni ó fi jókòó tì í, tí ó ń fi etí ara rẹ̀ to ohùn sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ohùn fèrè, ohùn agogo, ohùn bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin bá ń kọrin láti òkèèrè. Ohùn méjìlélọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Kò kọ ọ̀nà tí ó gbà tò wọ́n sínú ìwé kankan, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i wò.

Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà tí a fi ń ti ohùn pa, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì yí i padà. Oyèdélé kì í ṣí i sílẹ̀. Ó tún ń gbé ẹ̀rọ náà sínú àpótí pákó, ó ń fi àgádágodo méjì tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gba àfọ̀ṣẹ lọ́wọ́ olóògùn kan, oògùn tí ènìyàn ń tọ́ lá kí ohun tí ó bá sọ lè ṣẹ, ó sì fi í sí igun àpótí náà. Nígbà tí ìjọ bá ń kọrin sí Ọlọ́run, àfọ̀ṣẹ wà lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó ń tẹ orin fún wọn.

"Títí," báyìí ni ó máa ń kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, Títílayọ̀, "ilẹ̀ ni kó o gbá. Má gbá a dé ìdí àpótí mi."

"Mo ti gbọ́, Bùrọ̀dá Délé. Àpótí yín ni ìyáálé, èmi ni ìyàwó."

Ó máa ń rẹ́rìn-ín bí ó bá sọ ọ́. Ọdún keje tí wọ́n fẹ́ ara wọn ni oyún tó dúró sí i lára, ní ọdún 1989.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú àjọ̀dún ìkórè ọdún náà, Oyèdélé tan kíbọ́ọ̀dù. Ibi tí fèrè wà tẹ́lẹ̀, ariwo bí ìgbà tí a bá ń wọ́ páànù nílẹ̀ ni ó jáde. Ó tẹ òmíràn, bákan náà ni. Ohùn méjìlélọ́gbọ̀n náà ti lọ pátá.

Ó jáde sí àgbàlá. "Ta ló fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù mi?"

Àwọn ará ilé gbójú sókè láti ìdí iṣẹ́ wọn.

"Mo ní ta ni?"

"Bóyá eku ló fẹ́ kọ́ orin," ni ẹnìkan wí, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn gbóná lára rẹ̀. Ó wọlé, ó mú àfọ̀ṣẹ jáde. Ìyá rẹ̀ ṣí gèlè kúrò lórí, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Délé, mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́. Irin àti wáyà ni. Gbé e sílẹ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá. Ẹni tó ṣe é ló máa jẹ ẹ́."

Ó tọ́ ọ lá. Ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ọwọ́ tí ó kan kíbọ́ọ̀dù òun kò ní gbé ohun ayọ̀ láéláé.

Títílayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ikùn rẹ̀ mú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ̀ láti gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ìyá ọkọ rẹ̀ a po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, a tún gbé e padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Orí ń fọ́ ọ. Oyèdélé ńkọ́? Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wá ohùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi ṣòfò lórí ẹ̀rọ náà, kò sì bi aya rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, kí ló dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gìrì mú Títílayọ̀. Wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin ni ó bí. Òkú ni.

"Bùrọ̀dá Délé," ni Títílayọ̀ wí lórí ibùsùn, "èmi ni."

"Ìwọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbàgbé láti ti àpótí. Òrùlé ń jò sórí rẹ̀. Mo fi ìró mi nu omi náà kúrò, mo sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ mi kan kíbọ́ọ̀dù."

Oyèdélé jáde kúrò nínú yàrá náà. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Bẹẹrẹ, sí ọ̀dọ̀ Gabriel tí ó ń tún rédíò ṣe, Kristẹni tòótọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe.

"Ẹ bá mi wò ó, Bùrọ̀dá Gabriel. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi ló bà á jẹ́."

Lẹ́yìn tí Oyèdélé ti ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, Gabriel tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Gbígbẹ ni inú rẹ̀. Wo èyí." Bátìrì pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ. "Èyí ló ń bá ẹ̀rọ pa ohùn mọ́ nígbà tí a bá paná. Ó ti lo ọdún márùn-ún, ó sì ti kú. Bọ́tìnì tó o fi tì í ṣì wà ní títì. Kò sí ọwọ́ tó lè yí ohùn rẹ padà."

"Ìyẹn ni pé Títí..."

"Títí ò ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Ṣé o gba àwọn ohùn náà sórí kásẹ́ẹ̀tì, ká lè dá wọn padà sínú ẹ̀rọ?"

"Kí wọ́n wá jí i gbé?"

Gabriel kò rẹ́rìn-ín.

Oyèdélé jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àlòkù rédíò. "Ṣé èpè mi ló pa ọmọ náà?"

"Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ò mọ agbára àfọ̀ṣẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù ò jẹ́ kí obìnrin náà jẹun, ìwọ lo sì dẹ́rù bà á. Má wá ẹlòmíràn tí wàá dì í rù."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí abẹ. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ta ló lè wẹ irú èyí kúrò lára ènìyàn?"

"Jésù ni. Orí igi àgbélébùú ló ti gba èpè tó tọ́ sí wa sí ara rẹ̀. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un, má ṣe dín in kù."

Oyèdélé kò dín in kù. Lẹ́yìn àdúrà, ó yọ àfọ̀ṣẹ náà kúrò ní igun àpótí, ó sì sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Títílayọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, tí ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀jẹ́, Oyèdélé tọ̀ ọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún aya rẹ̀ níṣojú wọn.

"Bátìrì ló kú, Títí. Ìwọ kọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Títílayọ̀ fa ìró rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ ò kúkú bi mí," ó wí. "Ká ní ẹ bi mí ni." Ó sì kọjú sí ògiri.

Ọlọ́run dárí ji Oyèdélé. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí Títílayọ̀ tó padà sílé, àwọn méjèèjì sì jọ ń sin Olúwa. Ṣùgbọ́n sàréè kékeré kan wà lẹ́yìn agboolé náà, ìrònúpìwàdà kò sì ṣí i. Ká ní Oyèdélé ti gbọ́ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, nígbà tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bóyá ọmọ náà ì bá máa sáré kiri lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó fi pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ni ẹ ń dúró dè? Ẹ lè máa kọrin ní ìjọ kí ẹ sì ní oògùn nínú àpótí. Ẹ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo olè, kí ìbínú tiyín sì jí ohun tí ẹ fẹ́ràn jù gbé. Jésù yóò gbà yín. Ẹ má dá a dúró di ọ̀la, nítorí a kò fi ọ̀la ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kúnlẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, kí ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti gbọ́.