Káfíńtà Tó Ń Bá Mi Di Ajá Mú

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin náà. Ajá bàbá mi jókòó sí agbedeméjì, ó ní òun ò gòkè, òun ò sọ̀kalẹ̀. Èmi náà jókòó tì í, torí apá mi ò ká a mọ́. Ọkùnrin yìí ń gòkè bọ̀, ó ru pákó léjìká. Ó gbé pákó ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun bá mi gbé e.

Mo kọjú sí ajá, mo ní, "Ẹ-fi-mí-sílẹ̀, jọ̀ọ́, dìde."

Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó gbé pákó rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàlàyé pé orúkọ ajá ni Ẹ-fi-mí-sílẹ̀, pé bàbá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè máa fi bá àwọn aládùúgbò wí. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Káfíńtà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí yàrá tó wà lókè tèmi. Ìyàwó tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Èmi, aránṣọ ni mí, inú pálọ̀ mi ni ẹ̀rọ mi wà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà, n kò lọ́kọ, n kò bímọ. Nígbà tí bàbá mi kú, ajá yìí ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Ajá náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Kíndìnrín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ẹranko ní kò sí ìwòsàn, a kàn lè mú ayé rọrùn fún un ni. Kó máa rí omi mu, kí ẹran inú oúnjẹ rẹ̀ dín kù, kí n sì máa fa omi dírípù sí i lábẹ́ awọ ẹ̀yìn ọrùn láràárọ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́dọ̀ dókítà, ó rọrùn. Nílé, bí mo bá di ajá mú, ọwọ́ wo ni kí n fi di abẹ́rẹ́? Ara mi ni omi náà sábà máa ń dà sí.

Káfíńtà ní òun á máa yà kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Láago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ kejì, ó kanlẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ajá lé itan, ó ń sọ fún un nípa ilẹ̀kùn oníbàárà kan tó kọ̀ tí kò pa dé. Omi wọlé tán, ajá ò tilẹ̀ mira.

Oṣù méje la fi ṣe é báyìí. Ẹ má rò pé ó dùn. Òórùn ìtọ̀ gba ilé kan. Mo ń fọ àkísà láàárọ̀, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Bí ajá bá bì, mo ní láti fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lọ nulẹ̀. Nígbà míì, mo máa ń sùn lọ nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ wa ò ju pé ṣé ó jẹun, ó jẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ káfíńtà lórí àtẹ̀gùn, ọkàn mi á balẹ̀. Mo mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agbára tí màá fi sọ ọ́ ni kò sí.

Òun ló sọ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ń dúró kí omi tán.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

Mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mi ò ní kó o dìde."

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe gbọ́ pé káfíńtà fẹ́ fẹ́ mi, ó ní kí n jẹ́ kí dókítà fún ajá ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn tí á fi kú láìjẹ̀rora, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n tó di ọ̀rọ̀ ẹnu ayé. Ti ìyá káfíńtà ló wúwo jù. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bóyá orí obìnrin tó ń tọ́jú ajá bí ọmọ pé. Káfíńtà sì sọ fún mi láìfi bò pé òun ò lè fẹ́yàwó tí ìyá òun ò fọwọ́ sí. Mi ò bá a jà. Ó ṣì ń wá láràárọ̀, àmọ́ a ò lè wo ara wa lójú mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá náà dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń nu ìdí ajá lọ́wọ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, àfi bí mo ṣe rí i pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti wà tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sórí àga ìránṣọ mi, ó ń wò mí.

Nígbà tó yá, ó ní, "Bí èmi náà bá dùbúlẹ̀ báyìí lọ́la, ṣé wàá tọ́jú mi?"

Mo mọ èsì tó yẹ kí n fún un.

"Mi ò mọ̀, Mà. Bí wọ́n bá bi mí nípa ti ajá yìí lọ́dún tó kọjá, màá ní mi ò lè ṣe é."

Ó wá sọ fún mi pé òun tọ́jú ọkọ òun fún ọdún mẹ́ta kó tó kú, pé òun ti búra pé òun á ṣe é tayọ̀tayọ̀, àmọ́ kó tó pé oṣù méjì, òun ti ń sá pamọ́ sí ilé ìdáná láti bú u.

Ó ní, "Ẹni tó bá ní òun mọ̀, irọ́ ló ń pa." Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú àkísà kejì. "Gbé ẹsẹ̀ yẹn fún mi."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ajá kọ omi. Káfíńtà gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀gbọ́n mi bá wa lọ. Dókítà fún ajá ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn náà. Orí ajá wà lórí itan káfíńtà, ọwọ́ mi wà níkùn rẹ̀ títí ikùn náà fi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ní ká ṣe é tipẹ́, òun ló sunkún jù. Èmi ò sunkún. Lójú ọ̀nà, mo fi ìtìjú sọ fún káfíńtà pé ara tù mí.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ara tu èmi náà."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà la lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Nígbà tí a délé, àlejò díẹ̀ jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń jẹun. Mo ní kí n wọ yàrá lọ bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ̀kan, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Lójú oorun ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè ìyàwó, pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ìyá ọkọ mi ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó ń sùn. Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀."

Ọkọ mi wọlé, ó bọ́ bàtà kejì lẹ́sẹ̀ mi, ó dùbúlẹ̀ tì mí tòun ti kóòtù lọ́rùn, oorun sì gbé òun náà lọ.