Ekòló Orí Òkè Abẹ́ Òkun

"Yéè! Kàúsárà, lé e! Lé adìẹ yẹn!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àgbébọ̀ adìẹ ìyá Hàmdálátù ti na ọrùn, ó ti gbé e mì. Hàmdálátù káwọ́ lérí, ó la ẹnu sílẹ̀. Ekòló tó ti orí òkè abẹ́ òkun wá, òkè tí omi bò mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gùn rí, ni adìẹ àdúgbò Sábó fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán!

Ọ̀mọ̀wé Ellen, olùkọ́ yunifásítì tó bá ọkọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ sójú agbami, ló gbé ekòló náà wá sí ilé ẹ̀kọ́ wọn nínú ìgò. Irun ṣóńṣó ṣóńṣó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń dán bíi wúrà. Hàmdálátù ló mọ àwòrán yà jù ní kíláàsì, ni Ọ̀mọ̀wé bá ní kó gbé e lọ sílé yà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, òun ni Ọ̀mọ̀wé máa mú lọ wo ọkọ̀ náà l'Ékòó. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún un: kò gbọdọ̀ ṣí ìgò.

Ó ti yà á tán kí Kàúsárà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbé fóònù dé.

"Yọ ọ́ jáde ká fi ṣe fídíò. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn ló dun Hàmdálátù. Ó da ekòló sínú abọ́, ó fi omi ṣàn án. Ibi tí wọ́n ti ń gbé fóònù dúró fún fídíò ni adìẹ ti yọ.

"Jẹ́ ká lọ sọ fún Ọ̀mọ̀wé," ni Kàúsárà wí.

"Kí wọ́n lè mú ẹlòmíì lọ s'Ékòó? Má dán an wò!"

Hàmdálátù wọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń kó obì sí, ó la obì kan tó ti bàjẹ́, ó yọ kòkòrò inú rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú ìgò. Kòkòrò ṣá ni kòkòrò ń jẹ́!

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀mọ̀wé gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé wá fi ohun inú ìgò sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Wọ́n wò ó, wọ́n wo àwòrán, wọ́n tún wò ó.

"Hàmdálátù, wá wò ó. Irun tó o yà síbí dà?"

Hàmdálátù fojú sí awò. Ohun tó rí funfun báláú, kò nírun kankan. Àmínà, ọmọ olóbì bíi tirẹ̀, yọjú wò ó lẹ́yìn rẹ̀.

"Háà! Kòkòrò obì nìyí!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Ọ̀mọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Hàmdálátù kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Adìẹ ló gbé e mì."

Ọ̀mọ̀wé ṣí báàgì wọn, wọ́n gbé ìgò mìíràn jáde. Ekòló méjì ló wà níbẹ̀, tirun-tirun.

"Ká ní o sọ fún mi láàárọ̀ yìí ni, màá bá ọ wí, màá sì fún ọ ní òmíì. Àmọ́ nínú ọkọ̀ wa, ohun tá a bá sọ pé ó wà nínú ìgò ni gbogbo ayé ń gbà gbọ́. Mi ò lè mú ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ. Àmínà, ìwọ tó o sọ ohun tójú rẹ rí ló máa bá mi lọ."

Hàmdálátù ń wo ekòló méjèèjì, kò lè gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ lọ jìnnà.

Nígbà tó délé, àgbébọ̀ náà ṣì ń ṣa oúnjẹ kiri. Hàmdálátù gbé òkúta láti sọ ọ́ lù ú, ó tún jù ú sílẹ̀. Ekòló lásán ni adìẹ jẹ. Hàmdálátù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìrìn-àjò Èkó nù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe lè rí òmíì gbà. Ẹni tó bá fi irọ́ bò ó, ó máa pàdánù èyí tó wà nílẹ̀ dè é.