Ògiri Agbo Ilé Alápò

Ògiri ilé tuntun tó wà ní agbo ilé Alápò kọ̀, kò dá ìdàgbà dúró. Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé tó bá ti ga dé ìwọ̀n òrùlé, kó sinmi. Gbogbo ògiri yòókù ní Ìlọrin ló gbọ́ràn. Ti Alápò nìkan ló gun òkè kọjá òrùlé, tó sì ń funfun sí i lójoojúmọ́. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ará Alápò ò kúkú mọ̀wọ̀n, ilé wọn náà sì ti jọ wọ́n. Àsímáù ò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí òun gan-an ló gbìn ín.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, gbígbìn ni wọ́n ń gbin ilé láyé ìgbà náà. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ti tán nínú ilẹ̀. Èyí tó kù, àwọn olówó ti fi ọkọ̀ òfuurufú kó o lọ sórí òṣùpá, wọ́n ń fi kọ́lé sọ́hùn-ún. Ni àwọn onímọ̀ bá ṣẹ̀dá amọ̀ oníyè. Amọ̀ yìí ní ẹ̀mí, bí ìwúkàrà tí ń mú búrẹ́dì wú ṣe ní ẹ̀mí. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú ihò, wọ́n á bomi rin ín, á ta gbòǹgbò, á wá ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ kiri, á fà á mu, á sì fi gbé ara rẹ̀ dìde. Àjọ Ìlú Tuntun ló ń gbìn ín káàkiri. Kò sí ọjọ́ tí rédíò kì í pariwo pé afárá tuntun ti hù lórí odò Àsà, ilé ìwòsàn tuntun ti yọrí lẹ́bàá rẹ̀.

Ẹnjiníà ni Àsímáù ní àjọ náà. Ọmọ agbo ilé Alápò ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ orí òṣùpá ló gbé dàgbà. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀, Sàfúrátù, kú. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju pé wọ́n ti sin ín síbi tó yẹ.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé awòsàlẹ̀ wá sí agbo ilé náà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń rí inú ilẹ̀, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e fò. Ẹfun wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ó funfun báláú lójú ẹ̀rọ. Ó sáré tọ Mọ́gàjí Yàháyà lọ, olórí agbo ilé náà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Bàbá, kí ló wà lábẹ́ ibí yìí?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ẹfun tó wà níbẹ̀ tó gbé ilé alájà mẹ́ta!"

"Ọlọ́run ló ń ṣe é," ni Mọ́gàjí wí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bá wa gbin ilé wa, ọmọ Sàfúrátù. Má jẹ́ kí agbo ilé mìíràn ṣáájú wa."

Bí ilé ṣe hù nìyẹn, tí gbogbo wọn sì kó wọlé tìlù-tìfọn. Ráfátù, àbúrò Àsímáù, ló gba yàrá tó tutù jù. Oyún wà nínú rẹ̀, oyún tó ti ń sunkún wá láti ìgbà tó ti relé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí òṣùpá, Ráfátù sì ti wá sílé kó lè bímọ níbẹ̀. Tí ooru bá mú, ó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn.

Kò pẹ́ tí eyín àwọn ọmọ inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lọ́jọ́ kan, Mọ́gàjí ń ti orí ẹní ìkírun dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá pàù bí igi gbígbẹ. Ráfátù ní ìbàdí ń ro òun débi pé òun ò lè rìn mọ́. Ìgbà yẹn ni ara Àsímáù tó fu. Ó gé díẹ̀ lára ògiri, ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò àjọ.

Ọ̀gá rẹ̀, Ẹnjiníà Làmídì, wo èsì náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Èyí kì í ṣe ẹfun ilẹ̀. Egungun ni. Egungun èèyàn."

"Ọ̀gá, kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Amọ̀ tó bá ti tọ́ egungun wò, kò tún ní í wá nǹkan mìíràn. Tí tinú ilẹ̀ bá tán, yóò gba inú afẹ́fẹ́ àti omi wá ti àwọn tó ń gbénú ilé. Gba omi apamọ̀ yìí, kó wọn jáde, kó o dà á sí i lónìí."

Àsímáù bá Mọ́gàjí lórí ẹní, igi ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí i dáadáa.

"Bàbá, ta ni wọ́n sin sábẹ́ ilé yìí?"

"Gbogbo wa," ni Bàbá wí. "Bàbá mi, bàbá tó bí i, ìyá rẹ. Ìjọba ní ká máa kó òkú lọ sí pápá ẹ̀yìn ìlú, ká máa sin wọ́n sáàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ní agbo ilé tó bá rú òfin yóò pàdánù ilẹ̀ rẹ̀. Ṣé èmi ni màá gbé àbúrò mi jù síta?"

"Ẹ parọ́ fún mi!"

"Ìwọ náà ò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Gbàrà tó o rí ẹfun, o ò rí nǹkan mìíràn mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, torí òótọ́ ni. Ó ní, "Amọ̀ ti jẹ wọ́n tán, Bàbá. Ẹ̀yin ló kàn. Ẹ jáde, kí n da omi yìí sí i kó wó."

"Kó wó? Inú ògiri yẹn ni ìyá rẹ wà báyìí. Sàfúrátù lo fẹ́ wó?"

Àsímáù ò tíì rò ó débẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó tutù, ó sì jọ̀lọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ráfátù náà pè é látinú yàrá: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè rìn. Ẹ jẹ́ kí n bímọ mi sílé ná, lọ́dọ̀ ìyá wa."

Ó yẹ kó gbé e pọ̀n jáde. Ó mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ti omi apamọ̀ náà bọ àpò, ó ní òun á dúró dìgbà tó bá bí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ráfátù bí. Ọmọ náà ò ké. Agbẹ̀bí gbé e lé Àsímáù lọ́wọ́, ó rọ̀ bí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, kò sí ohun líle kan lára rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Ó mí díẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ògiri ti yọ ìlà funfun tuntun kan tó ṣì tutù.

Ẹkún sọ. Mọ́gàjí fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ dé àgbàlá, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá, ọmọ ilé yìí ni, ilé yìí ni wọn yóò sin ín sí. Wọ́n sọ ọkọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbòǹgbò funfun yọ nínú erùpẹ̀, ó ń rá pálá, ó ń wá nǹkan kiri. Ẹni tó mú ọkọ́ sún sẹ́yìn.

Mọ́gàjí wo gbòǹgbò náà, ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ Àsímáù. "Níbo la ó wá sin ín sí?"

"Ẹ̀yìn ìlú, Bàbá."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà lójú. "Ẹ gbé Ráfátù," ló wí fún àwọn ọkùnrin ilé. "Kí gbogbo yín jáde."

Nígbà tí ilé ṣófo tán, Àsímáù gbé ọmọ lé agbẹ̀bí lọ́wọ́, ó pa dà lọ sídìí ògiri. Ó tẹ́ ọwọ́ lé e. "Ìyá mi, ẹ má bínú," ló wí, ó sì da omi náà.

Wọ́n ti ń lọ lójú títì nígbà tí ògiri wó, tó di ìyẹ̀fun. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó rọ̀ sórí fìlà àwọn ọkùnrin àti ìborùn àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n dànù.